Bí Mo Ṣe Sọ Ìyàwó Mi àti Ìyàwó Àbúrò Mi Di Ẹnì Kan Ṣoṣo Nínú Ẹ̀rọ

Filomẹ́nì Àbẹ̀ní, ọmọ Datcha, ọmọ olóko etí odò, ọmọ a-se-iṣu-fún-àlejò kí àlejò tó rí àga jókòó, Àbẹ̀ní tí wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó ní, ìyá Kọ̀mí, ìyá àwọn ìbejì tí kò dúró, onígàrí tí kò níyanrìn ní ọjà Anié, sùn re.

Mo ní kí n kọ́kọ́ pè é dáadáa, nítorí pé orúkọ ìyàwó mi yìí gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìka kan pa rẹ́. Ọjọ́ kan wà tí yóò máa bá mi gbé títí wọn ó fi da erùpẹ̀ lé èmi náà lórí, ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́. Èmi tí mi ò parí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo délé wí fún un, ó ní kí n má gbàgbé láti mú pàṣán dání.

Ogójì ọdún ni mo fi dúró nídìí ìwọ̀n ní ọjà Anié. Kò sí àpò àgbàdo tàbí ti gàrí tó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá tí n kò mọ orúkọ ẹni tó ni ín, orúkọ ìyá rẹ̀, àti abúlé tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju kí n kọ nọ́ńbà lọ, ṣùgbọ́n orí mi yìí, ẹni tó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí Àfí fi wá mi wá. Àfí ni ọmọ Kòjó, ọ̀rẹ́ mi tó ti kú, tí a jọ ń gbé àpò sórí ìwọ̀n. Ó kàwé gan-an ní Lomé, ó wá di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣòwò, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Atakpamé. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta ni báyìí, ṣùgbọ́n Tọ́ntọ̀n, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe àbúrò bàbá wọn, ló ṣì ń pè mí, bó ṣe ń pè mí nígbà tó ń jókòó sórí àpò bàbá rẹ̀.

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé, láti ìgbà tí àwọn oníbàárà ti ń fi fóònù sanwó, orúkọ ti wá pọ̀ ju èèyàn lọ. Ẹni tó rajà ló ń kọ orúkọ ẹni tó tà á fún un, kálukú sì ń kọ èyí tó mọ̀. Ẹni tó ti Lomé wá á kọ èyí tó wà nínú káàdì. Aládùúgbò á kọ ìyá lágbájá. Ìyàwó ilé tí kò gbọdọ̀ pe ẹbí ọkọ rẹ̀ lórúkọ á kọ ìnagijẹ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ìyàwó mi nìkan di èèyàn méje nínú ẹ̀rọ yẹn: Filomẹ́nì, Filó Gàrí, Ìyá Kọ̀mí, Ìyàwó Datcha, àti àwọn mìíràn tí mi ò ní kọ síbí nítorí ẹni tó ti lọ. Ẹgbẹ́ kò wá mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn àti ẹni tí kì í ṣe tiwọn mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìlànà wọn tó lágbára jù ni pé bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú, gbogbo ẹ̀ka, Anié, Datcha, Moretan, ni yóò gbọ́, gbogbo wọn ni yóò sì wá kọrin sin ín.

Àfí ní òun ti rí ẹ̀rọ tó lè to gbogbo rẹ̀, àmọ́ pé bí ọmọ tuntun ló ṣe rí, kò mọ ẹnikẹ́ni. Yóò gbé orúkọ méjì síwájú èèyàn, pẹ̀lú ọjà tí wọ́n ń tà àti ìsọ̀ tí wọ́n wà, yóò sì béèrè pé ṣé ẹnì kan náà ni. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan náà, kí a tẹ àwọ̀ ewé. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí a tẹ pupa. Bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa wo ohun tí àwa ń wò, títí òun náà yóò fi lè dá ẹgbẹ̀rún orúkọ tó kù mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo ní ṣé kò sí ìbéèrè mìíràn tó le ju ìyẹn lọ. Ó ní kò sí.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo ṣe bí ọba nínú ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n gbé omi tútù fún mi. Kí n tó tẹ ọ̀kan, màá kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀: èyí ni ọmọ Dòvì tó ń ta iyọ̀, ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni mẹkáníìkì kan ní Moretan, nígbà tí ìyẹn wá lọ tán… Àfí á ní, «Tọ́ntọ̀n, ẹ̀rọ ò fẹ́ mọ ẹni tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀.» Mo ní ẹ̀kọ́ tí kò nídìí kì í wọ orí ọmọ. Ó fi mí sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ gbé méjì síwájú mi: Filó Gàrí àti Yàwá Ẹ̀wà.

Yàwá ni ìyàwó Kọ̀mlá, àbúrò mi. Inú agbo ilé kan la wà. Abẹ́ ìsọ̀ kan náà ni òun àti ìyàwó mi ti ń tajà, orúkọ ìdílé kan náà ló wà nínú káàdì wọn, ìgbà kan sì wà, kí wọ́n tó jà, tí fóònù ọ̀kan máa ń bá èkejì gbowó. Ẹ̀rọ kò mọ èwo ni ṣíṣe, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan ló ra ẹ̀wà lọ́wọ́ Yàwá, òkúta inú rẹ̀ kán an léyín, ó wá fi eyín náà hàn wọ́n ní ìsọ̀ nínú ìwé pélébé kan. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́jọ fún ẹ̀rín kan.

Nílé wa, a kì í ya ìyàwó ilé sọ́tọ̀ níwájú àlejò. Bí àlejò bá dé tó ń béèrè ọ̀kan, èyí tó bá wà nílé ló ń jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá bu iyọ̀ wá fún ọ̀kan, igbá méjì la ó fi gbà á. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá ń ka ìyàwó ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níta, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa dá jẹun. Mi ò ní parọ́ fún yín: mo mọ ohun tí ẹ̀rọ ń béèrè, mo sì mọ̀ pé ẹni méjì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò lèyí, àlejò tí wọ́n ní kì í gbàgbé. Ṣé èmi ni kí n fi ọwọ́ ara mi wí fún un pé ìyàwó mi àti ìyàwó Kọ̀mlá kì í ṣe ọ̀kan? Mo tún rò ó pé, bí àwa àgbà ti parí ìjà náà tì, kí wọ́n ṣáà wà pọ̀ níbì kan. Àfí ti bọ́ síta lọ gba ìpè. Mo tẹ àwọ̀ ewé.

Ibi tí mo ti wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá ni pé mo jẹ́ olódodo. Bí mo bá so tèmi pọ̀, kí ni màá fi tú ti ẹlòmíràn ká? Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìyàwó ilé kan náà tí ẹ̀rọ bá gbé síwájú mi, àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ọmọ tó gbọ́n. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ohun tí bàbá àgbà yìí ń wò kì í ṣe orúkọ, ìsọ̀ ni, nítorí abẹ́ ìsọ̀ kan ni àwọn ìyàwó ilé kan sábà ti ń tajà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn fúnra rẹ̀. Àfí dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi mí sínú ọkọ̀ padà sí Anié, ó sanwó ọkọ̀ fún mi.

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Ìyá Kòsíwá, alága ẹ̀ka Anié, dìde láti ka ìwé orúkọ tuntun sétí gbogbo ènìyàn. Ó kà, ó dúró, ó yí ìwé náà padà wò bóyá ó kù ní ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin tó kún abẹ́ àtíbàbà náà ju ọgọ́ta lọ, ogún ni ìwé pè. Ìyàwó mẹ́ta ilé Àgbóyà di obìnrin kan, èyí tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ni èyí tí wọ́n gbé níyàwó kẹ́yìn, ìyẹn ló mú kí ìyálé wọn jókòó lójijì. Rùútù, ìyàwó díákónì, gbọ́ pé òun àti Àkúwà, tí ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú ojúbọ ilé wọn, ti di ẹnì kan, nítorí pé wọ́n jọ ń ta epo pupa lábẹ́ òrùlé kan. Àwọn yẹn, èmi kọ́ ni mo so wọ́n pọ̀ o, ẹ̀rọ ló ti gbọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ. Rùútù ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Àkúwà bá rọra sọ sí i létí, ó ní, «Ṣáà sọ ọjọ́ Sọ́ńdè tó bá kàn mí fún mi, kí n lè tètè fọ aṣọ.»

Èyí tó burú jù ṣì wà lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ ti ra ìkòkò ńlá kan fún ẹni tí ọjà rẹ̀ bá tà jù lọ́dún náà, ìkòkò aláwọ̀ fàdákà tó lè se ẹ̀wà ọgbọ̀n ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀rọ ti kó gàrí ìyàwó mi lé ẹ̀wà Yàwá, ta ló tún kù tí yóò bá wọn du ìkòkò? Orúkọ tí àwọn oníbàárà kọ jù ni ẹ̀rọ fi ń pe èèyàn, nítorí náà Yàwá Ẹ̀wà ni wọ́n pè. Yàwá dìde. Ìyàwó mi náà dìde. Ó ní gàrí kì í hù nínú ẹ̀wà. Ìyá Kòsíwá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀ láàárín wọn, ó jókòó. Yàwá gbé ìkòkò. Ìyàwó mi gbé ìdérí. Bí wọ́n ṣe rìn délé nìyẹn, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, tí èmi ń tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi bi mí pé ta ló kọ́ ẹ̀rọ yẹn. Mo ń wo òrùlé, bóyá ó ń jò.

Àfí pè mí padà sí Atakpamé. Kò bínú, ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ó gbé gbogbo ohun tí mo tẹ̀, àti èyí tí ẹ̀rọ so pọ̀ fúnra rẹ̀, síwájú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí n tú àwọn èèyàn ká. Mo tú wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dá ìyálé ilé Àgbóyà padà fún ara rẹ̀, mo yọ Rùútù kúrò lára Àkúwà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Filó Gàrí àti Yàwá Ẹ̀wà, mo fò wọ́n. Àfí béèrè, mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni.

Ìdí tí mo fi parọ́ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo rí Yàwá tó gba àgbàlá wa wọlé, ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́jọ. Ó dúró sí ẹnu ilé ìdáná, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

«Ìyálé mi,» ó ní, «omi ẹ̀wà mi ń hó gbẹ láti àárọ̀. Ẹ yá mi ní ìdérí yẹn.»

Ìyàwó mi ń rokà lọ, kò bojú wẹ̀yìn. «Ìdérí kì í jáde. Gbé ìkòkò rẹ wá bá a níbí.» Nígbà tí Yàwá ti ń lọ, ó tún ní, «Ṣùgbọ́n èmi ni màá ṣa òkúta rẹ̀.»

Mo ronú pé ìjà tún dé. Yàwá dúró, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mi ò tètè mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà wọn di ẹ̀wà kan. Wọn a jọ jókòó, wọn a máa sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ṣé irú ìka wo ni yóò wá tẹ pupa sórí ìyẹn? Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí àìsàn dé sí ìyàwó mi. Ó dé bí ibà, a sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ibà. Ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn, ó ní kí n gbọ́. Ó ní, «Àwọn obìnrin Datcha ni kí o jẹ́ kó kọrin fún mi. Àwọn tó mọ̀ mí kí n tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni.» Mo ṣe ìlérí fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n gbé òun jókòó. Mo gbé e jókòó, ó sì lọ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Kòsíwá ṣe ohun tó yẹ. Ó wá Filomẹ́nì nínú fóònù ẹgbẹ́, ó fi hàn pé ó ti kú. Ẹ̀rọ gbà á, ó sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka lójú ẹsẹ̀, lórúkọ tó fi mọ ẹni náà. Yàwá ń lọ ata fún àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó nu ọwọ́, ó kà á, ó tún un kà. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Kì í pè mí lórúkọ, ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni mí.

«Bàbá Oníwọ̀n,» ó ní, «wọ́n ní mo ti kú. Wọ́n ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú àga tirẹ̀ wá.»

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Kí n tó lè dáhùn, obìnrin méjì ará Moretan, tó wá ná ọjà Anié lọ́jọ́ náà, ti wọlé pẹ̀lú ẹkún, wọ́n ń pe Yàwá pé kí ló dé tó fi ṣe wọ́n báyìí. Yàwá bu omi fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé. Èyí àkọ́kọ́ gba igbá, ó mu ún dé ìdajì, ó gbójú sókè wo ẹni tó gbé omi fún un. Kọ̀mlá ló fi alùpùpù lé e bá lójú títì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibùdókọ̀. Èkejì kò sá, ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Yàwá wò bóyá ó gbóná. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín nínú ilé òkú ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Datcha.

Mo pe Màrátà ní Datcha, tí òun àti ìyàwó mi jọ gba oúnjẹ mímọ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Mo ní Filomẹ́nì ti kú, a ó sin ín ní Sátidé. Ó ní àwọn ti gbọ́ ti Yàwá kan, pé kí a má bínú, àwọn ò mọ̀ ọ́n, àdúrà ni àwọn ó fi ránṣẹ́. Mo ní Yàwá kò kú, Filomẹ́nì ló kú. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó ní, «Bàbá Kọ̀mí, ọ̀fọ̀ máa ń da ọkàn rú. Ẹ jẹ́ kí Filó fúnra rẹ̀ pè mí bó bá dé láti ọjà.» Ó sì pa fóònù.

Mo ní kí Ìyá Kòsíwá tún fi ìròyìn mìíràn ránṣẹ́. Ó gbìyànjú. Ẹ̀rọ ní ẹni yẹn ti kú lánàá, kò lè kú mọ́. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Èmi àti Yàwá wọ ọkọ̀ lọ sí Atakpamé, Yàwá kò tilẹ̀ pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀ tí ata ti ta sí, ó ní òun ni ẹ̀rí.

Àfí ṣí ẹ̀rọ, ó rí i, ó wò mí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti àwọ̀ ewé, ti irọ́, ti ìkòkò, ti bàbá mi. Kò bú mi. Ó fa àga sẹ́yìn kí n lè ráyè, ó ní, «Tọ́ntọ̀n, ẹ̀yin lẹ so ó. Ẹ̀yin ni kí ẹ tú u.»

Orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣé ẹnì kan náà ni? Ìbéèrè kan náà. Mo gbé ìka sókè, ìka náà dúró sókè. Mo ń rò ó pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kò ní sí ibì kankan nínú ayé yìí mọ́ tí wọ́n ti wí pé ìyàwó mi ṣì ń tajà.

Yàwá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó ní, «Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó kú lórúkọ ara rẹ̀.»

Mo tẹ pupa. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Kò bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń so wọ́n pọ̀. Mo ní ó dá mi lójú. Kí a tó sọ̀kalẹ̀ dé ibùdókọ̀, Màrátà ti ń pè, ẹkún rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, àfi ìgbà tó ní wọn yóò wọ ọkọ̀ méjì.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ parí ìjà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀, kó má fi rán ẹ̀rọ. Ẹni tó bá sì ń kọ́ ọmọ, ì báà ṣe ọmọ onírin, kó wí òótọ́ fún un, torí pé ohun tí a fi ojú àánú fi hàn án náà ni yóò máa lò káàkiri láìsí àánú. Àfí ní láti ìgbà náà, bí ìyàwó méjì bá ti wà nílé kan, ẹ̀rọ kì í dáhùn fúnra rẹ̀ mọ́, ó máa ń dúró béèrè. Mo ní ó dáa, ó ti mọ̀ wá nìyẹn. A jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí kì í pẹ́ lẹ́nu.

Àwọn obìnrin Datcha dé ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkọ̀ méjì, Màrátà ló ṣíwájú orin. A sin Filomẹ́nì lọ́jọ́ náà, kí oòrùn tó kan àtàrí.